Ta Ló Ń Kó Àwọn Oníbàárà Wa Lọ?

"Rárá o," ni Adédiwúrà wí. "A ò lè kó orúkọ àwọn oníbàárà wa lé ẹni tí a kò tíì ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́."

Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Dàmọ́lá ṣì wà ní nínà lórí tábìlì, ó ń retí fláàṣì tí wọn yóò kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn sí fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí àwọn tó ń polówó ọjà máa ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé, ó sì fa ọwọ́ náà padà. Àwòrán tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń tàn sára ògiri dára ní wíwò lóòótọ́: òpó aláwọ̀ ewé, òpó pupa, àti òbírí ńlá kan tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ bíi kéèkì. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan tí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà kò mọ̀ rí ni gbogbo rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

"Àpẹẹrẹ lásán lèyí, mà," ni Dàmọ́lá wí. "Tí mo bá fi iṣẹ́ tiyín gan-an sínú ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa rí ẹni tó ń tà, ẹni tí kò tà, àti ibi tí nǹkan ti ń jò."

Ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan ti ń jò yìí ló mú kí Ọ̀gá Ọláńrewájú gbé ojú kúrò lára ògiri. Kò wo Dàmọ́lá. Adédiwúrà ló wò.

Oúnjẹ adìẹ ni wọ́n ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá Ọláńrewájú, lẹ́yìn títì Ìkòsí ní Kétu. Nísàlẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń lọ àgbàdo mọ́ ẹja gbígbẹ, lókè ni ọ́fíìsì wà, eruku a sì máa gba àlàfo pákó gòkè wá bá àwọn tó jókòó síbẹ̀. Adédiwúrà ni olórí àwọn tó ń tajà. Ìgbà tí ọ̀gá ṣì ń fi abọ́ wọn oúnjẹ adìẹ fún èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọjà ló ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, "Díwúrà mi" ni ọ̀gá sì máa ń pè é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, àwọn oníbàárà ẹ̀bá odò, láti Ajégúnlẹ̀ dé Owódé Onírin, ń dáwọ́ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan wá ta ọ̀gá lólobó pé ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ tuntun kan ti ṣí lọ́nà Ìkòròdú. Ọ̀gá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní ará ilé ló ń kó oníbàárà fún ará ìta. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Láti ọjọ́ náà ni "Díwúrà mi" ti parí. Ó di "Madam".

Ìdí nìyẹn tó fi ní òun fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tú iṣẹ́ wọn palẹ̀ wò.

"Èèyàn lè bo èèyàn láṣìírí," ni ó máa ń wí, "ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní ẹbí."

Kọ̀ǹpútà kò ní ẹbí lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ń tà á ní. Débọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá tó jẹ́ akáńtáǹtì wọn, ló mú Dàmọ́lá wá. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, Adédiwúrà lọ kí abiyamọ kan ní Sangisa, ó sì rí àwọn ọkùnrin méjèèjì tí wọ́n ń jáde bọ̀ láti inú géètì kan, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí Dàmọ́lá gbọ́wọ́ lé Débọ́lá léjìká bí ọmọ ìyá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ó dọ́gbọ́n bi Débọ́lá pé níbo ló ti mọ oníkọ̀ǹpútà náà.

"Inú ìwé ìròyìn ni mo ti rí nọ́ńbà wọn, Aunty," ni Débọ́lá dá a lóhùn, kò sì wo ojú rẹ̀.

Adédiwúrà gbé irọ́ náà mì, ó sì jókòó sí i nínú bí eegun ẹja. Bí kò bá sí ohun tí wọ́n ń bò, kí ni wọ́n ń purọ́ fún? Tí ẹnì kan bá sì fẹ́ kó orúkọ oníbàárà jáde nínú ilé, ọ̀nà wo ló tún rọrùn ju kí ó ní kí wọ́n kó o sínú fláàṣì fún àlejò, lójú ọ̀gá gan-an?

"Ọ̀gá," ni ó wí báyìí nínú ìpàdé náà, "ẹ má jẹ́ kí a ra ológbò inú àpò. Loveth, ọmọbìnrin oníkọ̀ǹpútà tí mo sọ fún yín, náà ní ètò tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbìyànjú rẹ̀ wò. Orúkọ oníbàárà ni kí a yọ kúrò, kí a fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Kí a fi àdúgbò sílẹ̀ àti irú oúnjẹ tí wọ́n ń rà, ìgbà tí wọ́n rà á, àti ẹni tó tà á fún wọn. Bí ètò bá gbọ́n, ó máa gbọ́n láìmọ orúkọ ẹnikẹ́ni."

"Loveth tẹ́ ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà," ni Débọ́lá sọ wẹ́rẹ́ láti ìdí fèrèsé.

"Ìyẹn burú ni?"

"Mi ò ní ó burú, Aunty. Mo kàn ní ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni."

Ọ̀gá na ìka sókè, àwọn méjèèjì sì dákẹ́. "Kí wọ́n fi nọ́ńbà sí i," ni ó wí. "Kí àwọn méjèèjì wá ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Ẹni tí ètò rẹ̀ bá sọ òótọ́ fún mi ni mo máa ra tirẹ̀."

Ohun tó ya Adédiwúrà lẹ́nu ni pé Dàmọ́lá kò jiyàn rárá. Ó ní kò sí wàhálà. Ẹni tó ń wá orúkọ lójú méjèèjì ì bá jà díẹ̀. Àbí ó ti ní orúkọ náà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni?

*

Nígbà tó di Wẹ́sìdeè, iná ọba lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Dàmọ́lá ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, òpó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ògiri, orúkọ olùtajà kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ òpó tirẹ̀. Àwọn tó kù jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ti Adédiwúrà nìkan ló pupa, ó sì kúrú bí kùkùté.

Ìró jẹnẹrétọ̀ nìkan ló kún yàrá. Adédiwúrà wo Débọ́lá, ó rí i pé ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni Débọ́lá ń wò. Wọ́n ti ṣe é, ni ó wí nínú ara rẹ̀. Wọ́n ti jọ dì í wá láti Sangisa.

"Madam," ni Ọ̀gá Ọláńrewájú wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ. "Ẹ gba wá nímọ̀ràn."

"Ọ̀gá, ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀bá odò wà. Ẹ̀yin lẹ pín in fún mi. Tí ẹ̀bá odò bá dáwọ́ dúró, tèmi ló máa pupa."

"Mo ti gbọ́." Ó yíjú sí Loveth. "Ìwọ náà, fi tìrẹ hàn."

Loveth jẹ́ ọmọ Ẹdó tí wọ́n bí sí Kétu, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ onílùú lọ, àyàfi tí inú bá ń bí i, nígbà náà ni yóò bọ́ sí pijin. Ètò tirẹ̀ kò lẹ́wà. Orí Excel tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ ló gbé e lé, kò sí òbírí, kò sí àwọ̀ tó ń dán. Kò tilẹ̀ tẹ nǹkan kan ná.

"Sà, kí lẹ fẹ́ mọ̀?" ni ó bèèrè.

"Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń kó àwọn oníbàárà mi lọ."

"Ìyẹn ò sí nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, sà. Kọ̀ǹpútà ò mọ olè. Ohun tí mo lè bi í ni pé àwọn wo ni wọn ò wá mọ́, ibo ni wọ́n ń gbé, àti ìgbà wo ni wọ́n rajà kẹ́yìn."

"Bi í."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn nọ́ńbà tò sábẹ́ orúkọ àdúgbò. Adédiwúrà sún mọ́ ògiri láìmọ̀ pé òun ti dìde. Ìsàlẹ̀ Ajégúnlẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó wà lápá òkè ní Ajégúnlẹ̀. Lẹ́yìn wọn, Owódé. Ilé kan ń tẹ̀ lé ilé kejì bí ìgbà tí wọ́n ń na nǹkan láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kò sì sí èyí tó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó ra àpò púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò ra ẹyọ kan.

"Ẹ̀ ń rí i báyìí!" Ọ̀gá lu tábìlì. "Ẹ̀bá odò ni alágàbàgebè náà ń gbà lọ, ojúlé sí ojúlé!"

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Adédiwúrà ti ń tajà tipẹ́, ó mọ ìwà oníbàárà. Ẹni tó fẹ́ yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn a kọ́kọ́ máa rà díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì. A máa bá ọ du iye. A máa sọ fún ọ pé ti àwọn lágbájá dára ju tìrẹ lọ, kí o lè mọ̀ pé òun ní ibòmíràn tí òun lè lọ. Kì í kàn ṣe wéré kó pa ẹnu dé bí ẹni tí ilẹ̀ gbé mì.

Nígbà tí wọ́n ń túká, ó gbọ́ tí Dàmọ́lá ń sọ fún Débọ́lá lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ bá mi kí i nílé o." Ó gbọ́ tí Débọ́lá ní kí ó rọra. Gbogbo ara rẹ̀ wá di etí.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò lọ sí ọ́fíìsì. Ó gun ọ̀kadà dé Owódé Onírin, ó gba àárín àwọn òkìtì irin àti ẹ́ńjìnnì àlòkù kọjá, ó sì fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ajégúnlẹ̀. Pákó ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà lápá ìsàlẹ̀ nítorí omi. Ilé Ìyá Nimat ló ń lọ, obìnrin ará Ìsẹ́yìn kan tó ti ń ra oúnjẹ adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí adìẹ rẹ̀ kò ju ohun tí apẹ̀rẹ̀ kan lè gbà lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ibi tí adìẹ bá pọ̀ sí tó báyẹn kì í dákẹ́, èèyàn a ti máa gbọ́ wọn láti òkèèrè. Funfun ẹfun wà nílẹ̀ yí ilé adìẹ náà ká, òórùn oògùn apakòkòrò sì gba imú.

"Ìyá Nimat, ẹ káàárọ̀ o, mà."

Obìnrin náà jáde, ó fa ìlẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ó ti rù. "Díwúrà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Mo ní kí n yà kí yín ni. A ò rí yín mọ́."

"Ọwọ́ ló dilẹ̀ díẹ̀."

"Ta lẹ wá ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí? Ẹ sọ fún mi, mà, mi ò ní bínú. Ilé tuntun tó wà lọ́nà Ìkòròdú yẹn ni?"

"Ilé tuntun wo?" Ìyàlẹ́nu ojú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ṣeré. "Mi ò ra lọ́wọ́ ẹnì kankan. Mo ti ta àwọn adìẹ náà."

"Gbogbo wọn? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé?"

Kí Ìyá Nimat tó dáhùn, ikọ́ kan bú jáde láti inú yàrá, ikọ́ ọmọdé, tó gbẹ tó sì gùn. Àwọn obìnrin méjèèjì dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ títí ó fi tán.

"Nimat nìyẹn?"

"Ibà ni. Mo ti ra oògùn."

Adédiwúrà rántí rédíò. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń pariwo rẹ̀, lédè Yorùbá, lédè òyìnbó, pé àìsàn kan ń pa adìẹ, pé ó lè ran èèyàn, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ lásán gbé òkú adìẹ. Gbogbo wọn ní ọ́fíìsì ti gbọ́ ọ. Gbogbo wọn sì rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ló wà.

"Ìyá Nimat," ni ó wí, kò gbé ohùn sókè rárá. "Ta ló ń bá yín kó àwọn tó kú dànù?"

Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé yóò bú u. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

"Ojú wọn wú. Ògbe orí wọn dúdú bí èédú. Tí mo bá jí, mo máa bá wọn ní ìdọ̀bálẹ̀. Èmi àti Nimat la kó wọn. A sin wọ́n títí ilẹ̀ fi kún fún omi, la bá ń da ìyókù sódò."

"Àwọn tí kò tíì kú ńkọ́?"

"Àwọn tó ń ta adìẹ ní Mile 12 wá kó wọn." Ó di ọwọ́ Adédiwúrà mú. "Kì í ṣe èmi nìkan o! Gbogbo wa ni. A ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ. Ẹ̀rù ń bà wá pé tí ìjọba bá gbọ́, wọ́n á pa èyí tó kù, wọ́n á ti ibi gbogbo pa, tiwa á sì tán síbẹ̀. Díwúrà, nítorí Ọlọ́run, o ò rí mi. O ò wá síbí."

"Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù lónìí, mà. Ẹ sọ fún dókítà pé ó fọwọ́ kan òkú adìẹ."

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣebí mo ti sọ gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"



*

Ọ̀sán ni ó padà dé Ìkòsí. Ó bá Ọ̀gá Ọláńrewájú àti Débọ́lá nínú ọ́fíìsì, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí ìdúró. Bí ó ti ń sọ ọ́, ó rí i tí ojú ọ̀gá ń là díẹ̀díẹ̀.

"Àṣé kò sẹ́ni tó ń dà wá?"

"Kò sí, sà. Ikú ló kó wọn lọ."

"Díwúrà mi." Ó tú èémí jáde. Ó nawọ́ kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. "Má bínú sí mi. Nǹkan ló sú mi."

Ìbá jẹ́ pé ó dúró síbẹ̀, inú Adédiwúrà ì bá dùn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá dìde, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì padà wá jókòó pẹ̀lú ojú mìíràn.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá yìí. Tí àwọn ará Ìkòròdú àti Ṣàgámù bá gbọ́ pé adìẹ ń kú ní ẹ̀yìnkùlé wa, ta ló máa ra àpò kan lọ́wọ́ wa? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ yẹn ńkọ́? Ọmọ ta ló máa padà sílé láti iléèwé?"

"Sà, ọmọ kan ń ṣàìsàn níbẹ̀."

"Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ibà ni."

"Wọ́n ń kó adìẹ náà wá sí Mile 12, sà. Àwọn èèyàn ń rà á."

"Ṣé èmi ni mo tà á fún wọn ni?" Ó fọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. "Débọ́lá, pe Dàmọ́lá. Sọ fún un pé a máa ra tirẹ̀. Ti ọmọbìnrin yẹn kò wúlò fún wa. Ó ń sọ ohun tí èèyàn ò bi í."

"Daddy, ẹ̀yin lẹ bi í," ni Débọ́lá wí.

Ọ̀gá wò ó, Débọ́lá sì gbé fóònù.

Lórí àtẹ̀gùn ni Débọ́lá ti lé Adédiwúrà bá. "Aunty, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Kí lo fẹ́ gbọ́ ọ fún? Kí o lè lọ sọ ọ́ lókè?"

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ ni! Ìwọ tó sọ fún mi pé inú ìwé ìròyìn lo ti rí Dàmọ́lá. Mo rí yín ní Sangisa, Débọ́lá. Mo rí yín pẹ̀lú ojú mi."

Débọ́lá jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ẹ̀gbọ́n Dàmọ́lá obìnrin, Ọmọ́bọ́lá, ni mo fẹ́ fẹ́. Ó ti lọ́kọ rí, ó ti bímọ kan. Ẹ mọ Daddy. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹ̀yin náà sì ni mo fura sí, Aunty. Mo rò pé ẹ̀yin àti Loveth lẹ dì í, kí ètò tirẹ̀ lè bò yín láṣìírí."

Adédiwúrà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò wá. Gbogbo bí ó ti ń ṣọ́ ọmọ yìí ni ọmọ yìí ń ṣọ́ òun. Àwọn méjèèjì la ojú sílẹ̀ kedere, wọn kò sì rí nǹkan kan.

"Ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran ni mò ń lọ," ni ó wí.

Débọ́lá wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. "Mi ò lè bá yín lọ. Àbúrò bàbá mi ni. Àwọn ló rán mi níléèwé." Ó dìde, ó fi ara lé ògiri kí ó lè kọjá. "Ṣùgbọ́n mi ò rí yín tẹ́ ẹ jáde."

Dókítà obìnrin ni ó bá ní ọ́fíìsì náà, arúgbó díẹ̀, tó wọ bàtà òjò. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá a dúró, lẹ́yìn náà ló bèèrè bí Adédiwúrà ṣe mọ̀ pé ilé tí adìẹ ti ń kú kì í ṣe ẹyọ kan. Adédiwúrà sọ fún un bí àwọn àdúgbò ṣe dákẹ́ tẹ̀ lé ara wọn lójú ògiri. Dókítà náà ní kí ó tún un sọ, ó sì ń fi ìka fà á lórí àwòrán ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ́fẹ́ tó wà lára ògiri, bí ó ti ń bá odò náà gòkè.

"Kò pọn dandan kí ẹ dárúkọ ara yín o," ni dókítà wí. "Tàbí ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́."

Adédiwúrà ronú díẹ̀. Tí kò bá dárúkọ, wọn yóò wulẹ̀ máa fura sí ara wọn lọ ni. Ó dárúkọ méjèèjì.

*

Àwọn dókítà ẹran dé Ajégúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó bo gbogbo ara, wọ́n pa àwọn adìẹ tó kù, wọ́n sun wọ́n. Wọ́n dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta adìẹ ní Mile 12, wọ́n sì tì í pa fún ìgbà díẹ̀. Àwọn dókítà èèyàn gbé Nimat àti ìyá rẹ̀ lọ, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Adédiwúrà pe Ìyá Nimat títí, kò gbé e. Níjọ́ kan ìyá náà gbé e, ó gbọ́ ohùn Adédiwúrà, ó sì pa fóònù.

Ní Ìkòsí, Ọ̀gá Ọláńrewájú kó gbogbo wọn jọ. Ètò tuntun Dàmọ́lá ti wà lórí tábìlì, Dàmọ́lá fúnra rẹ̀ jókòó tì í, kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Àwọn oníbàárà tó ti fagi lé ìrajà wọn pọ̀, ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ sì ti dákẹ́ láti àárọ̀.

"Mo mọ ẹni tó ṣe é," ni ọ̀gá wí. "Loveth ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà, òun ló rí bí àwọn àdúgbò ṣe ń dákẹ́, inú sì ń bí i pé a ò ra tirẹ̀, ló bá lọ tà wá. Mo ti rí ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́. Lónìí yìí ni mo máa lọ sọ fún wọn irú ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́."

Débọ́lá ń wo ilẹ̀. Ẹnì kan láàárín àwọn olùtajà ní ojú ọmọbìnrin yẹn tilẹ̀ jọ ti ẹni tó lè ṣe é. Ẹlòmíràn ní òun ti ń fura láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Adédiwúrà gbọ́ bí ó ṣe rọrùn fún wọn, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì tó sì ń sanra sí i.

"Èmi ni, sà."

Wọ́n yíjú sí i.

"Loveth ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo dárúkọ ara mi, mo sì dárúkọ ilé-iṣẹ́."

Ọ̀gá Ọláńrewájú kò pariwo. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí o fà bá mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò mí. Ṣùgbọ́n tí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún lọ."

"Máa lọ sílé," ni ọ̀gá wí. "Tí mo bá fẹ́ rí ẹ, màá ránṣẹ́ pè ẹ́."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ẹnì kan tàbí méjì sì jẹ́ ẹ lábẹ́ ahọ́n.

Ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lójú títì Ìkòsí kí fóònù rẹ̀ tó dún. Ó wo orúkọ tó yọ, ó sì yà kúrò láàárín èrò.

"Ìyá Nimat?"

Ó ń gbọ́ èémí lódìkejì, ó sì ń gbọ́ ohùn ọmọdé kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bèèrè omi.

"Wọ́n ti mú èsì wá," ni Ìyá Nimat wí. "Wọ́n ní ibà lásán ni. Wọ́n ní kì í ṣe nǹkan yẹn."

Adédiwúrà fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Mo dúpẹ́, mà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

"Mo ṣì ń bínú sí ẹ o, Díwúrà. Mi ò ní ẹyọ adìẹ kan nílé."

"Ẹ máa bínú, mà. Ó tọ́ sí yín."

"Ó tọ́ sí mi dáadáa!" Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Nimat ní kí n bá òun kí ẹ."